Òwú tó ń pàwọ̀ dà láìlo aró, láìlo kúrán

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ òwú ni mo tún gbé dé o. Ọ̀pọ̀ yín ti rí fídíò gáùn tó ń tàn yẹn lórí WhatsApp, ó pupa, ó di búlúù, ó di àwọ̀ ewé, àwọn oníbàárà mi ní Wandó ti ń bi mí bóyá mo lè rán irú ẹ̀ fún ìyàwó. Ó wù mí náà. Àmọ́ kì í ṣe òwú yẹn gan-an ló ń pàwọ̀ dà.

Fáìbà oníke ni, ike PMMA. Wọ́n á fi iná LED sí i nídìí, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, á máa ta mọ́ ògiri inú ẹ̀ lọ títí á fi jáde lódìkejì, bí ti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn, àmọ́ fún aṣọ wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ ha èèpo ara ẹ̀ tàbí kí wọ́n fi lésà dá a lọ́gbẹ́ wẹ́wẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. LED ló ni àwọ̀. Bí bátìrì bá kú, òwú ike lásán ló kù lára ìyàwó. Mo tún ń wò ó bí aránṣọ: PMMA máa ń rọ̀ ní nǹkan bí 100 dìgìrì, áyọ́ọ̀nù gbígbóná ò gbọdọ̀ kàn án, ẹ ò sì lè gé e níbi tó wù yín torí gbogbo ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sídìí iná.

Ibi tí mo ti gba tiẹ̀ ni lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tuntun tí ojú àti ara wọn pọ́n bí ìyeyè. Ìmọ́lẹ̀ búlúù máa ń yí bilirubin, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó fà á, padà kí ara ọmọ lè tì í jáde, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi irú fáìbà yìí ṣe ẹní kékeré sábẹ́ ọmọ, kúrán àti ooru wà nínú àpótí lọ́tọ̀, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń dé ara ẹ̀, ìyá ẹ̀ sì lè gbé e mọ́ra kó fún un lọ́mú.

Àwọn ti University of Central Florida ní Amẹ́ríkà gbé òwú tiwọn tó ń pàwọ̀ dà jáde ní 2018, wáyà tín-ín-rín wà nínú òwú kọ̀ọ̀kan, á gbóná díẹ̀, àwọ̀ á yí, fóònù ni wọ́n fi ń darí ẹ̀. Kúrán náà ni ṣá.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ò lo kúrán rárá. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Mathias Kolle, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi í hàn ní 2013, ara èso kan tó ń jẹ́ Margaritaria nobilis ni wọ́n ti kọ́ ọ. Rọ́bà méjì tó mọ́ gaara ni wọ́n tẹ́ lé ara wọn, ìpele kọ̀ọ̀kan fẹ́lẹ́ débi pé nanomita bí ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré ni (mílíọ̀nù kan nanomita ló wà nínú mìlímítà kan), wọ́n wá ká a jọ di òwú. Kò sí aró níbẹ̀. Bí ìpele yẹn ṣe nípọn tó ló ń yan àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ máa dá padà, tẹ́ ẹ bá fà á, á fẹ́lẹ́ sí i, pupa á lọ, àwọ̀ ewé á dé, á di búlúù, tẹ́ ẹ bá jọ̀wọ́ ẹ̀ á padà sípò. Agẹmọ náà ń ṣe nǹkan tó jọ ọ́: ní 2015 àwọn onímọ̀ ní Geneva fi hàn pé kírísítálì wẹ́wẹ́ wà nínú awọ irú agẹmọ kan, ó ń mú àyè àárín wọn fẹ̀ tàbí kó fún un pọ̀, àwọ̀ ẹ̀ á sì yí.

Ní 2018 Kolle àti Joseph Sandt ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, wá rán òwú yìí mọ́ báńdéèjì tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tí iṣan ẹ̀ ò lè gbé ẹ̀jẹ̀ padà sókè dáadáa, àìsàn tó ń di egbò tí kì í tètè jinná yẹn. Bí báńdéèjì ṣe gbọ́dọ̀ fún ẹsẹ̀ tó, mmHg ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n bíi ti ẹ̀jẹ̀ ríru, nǹkan bí 40 ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ lọ́rùn ẹsẹ̀, ta ló wá lè fọwọ́ lásán mọ ìyẹn? Tó bá dẹ̀ jù kò ṣiṣẹ́, tó bá le jù ó lè pa ẹsẹ̀ lára. Àmọ́ òwú yẹn, bí ẹ ṣe ń fa báńdéèjì ló ń pàwọ̀ dà, ẹ kàn máa fi wé àwọ̀ tó wà lórí káàdì ni.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Kétu ní irú egbò yẹn, ọwọ́ tó ń di í lónìí kọ́ ló ń di í lọ́la, ọ̀kan á fún un pa, ìkejì á dẹ̀ ẹ́, èmi fúnra mi máa ń di í nígbà míì, mo kàn ń bi í pé "Ìyá mi, ṣó ń dùn yín?" ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé kí gáùn ìyàwó ṣì ní sùúrù. Òwú ò wọ́n wa ní Benin níbí, Banikoara ń gbìn ín, ní Glo-Djigbé wọ́n ti ń fi ṣe aṣọ, mo fẹ́ kẹ́nì kan níbẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ báńdéèjì yìí yẹ̀ wò. Tí nọ́ọ̀sì bá wà nínú yín ní Àjàṣẹ́ tàbí Ìpòbẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ̀wé sí mi, irú báńdéèjì wo lẹ̀ ń lò, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ̀ ń fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó jù ú nù, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá òwú rọ́bà tí wọ́n rán mọ́ ọn lè fara da ọṣẹ àti oòrùn wa.