Àyẹ̀wò ọdún 2025: láti orí ìwàásù dé ìdí abọ́ omi

Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, mo gbà gbọ́ pé bí àwọn ọ̀dọ́ bá ti lè gbọ́ bí pàǹtí ike ṣe pọ̀ tó, ìwà wọn yóò yí padà. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi ìṣirò tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé jáde ní ọdún 2017 bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi níbi gbogbo, pé nínú gbogbo ike tó ti di pàǹtí láyé títí di ọdún 2015, nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 péré ni a tún lò, a dáná sun nǹkan bí ìdá 12, ìyókù sì wà ní àkìtàn tàbí kó ti fọ́n ká sórí ilẹ̀ àti sínú omi. Wọ́n gbọ́, àánú ṣe wọ́n, síbẹ̀ inú garawa kan náà tí gbogbo pàǹtí ń lọ ni wọ́n ju ìgò ọwọ́ wọn sí.

Ohun tó dùn mí jù lọ ṣẹlẹ̀ ní àárín ọdún. Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ bí ogún fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣa ike, àpò wa kún, inú wa dùn, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ àtúnlò tí a kó o lọ fún dá èyí tó pọ̀ jù padà. A ti da oríṣiríṣi ike pọ̀, òróró ṣì lẹ̀ mọ́ òmíràn lára, PVC (irú ike tí a fi ń ṣe páìpù) sì wà láàrin àwọn ìgò PET (irú ike tí a fi ń ṣe ìgò omi mímu), bẹ́ẹ̀ PVC díẹ̀ ti tó láti ba PET púpọ̀ jẹ́ bí a bá yọ́ wọn pọ̀. N kò dá àwọn ọ̀dọ́ náà lẹ́bi. Mo ti kọ́ wọn láti kórìíra pàǹtí, n kò tíì kọ́ wọn bí a ṣe ń yà á sọ́tọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé abọ́ omi kan dání. A ó gé díẹ̀ lára ìgò, a ó gé díẹ̀ lára ìdérí rẹ̀, a ó sọ méjèèjì sínú omi: PET tí a fi ṣe ìgò yóò rì nítorí pé ó wúwo ju omi lọ, ìdérí yóò sì léfòó nítorí pé oríṣi ike mìíràn tó fúyẹ́ ju omi lọ ni. Ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ àtúnlò fi ń yà wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ̀ wọ́n wẹ́wẹ́. Kò sí ìgbà tí mo ṣe é tí ọ̀dọ́ kan kò ti ọwọ́ bọ omi láti dán an wò fúnra rẹ̀.

Ìdí abọ́ yìí ni ọmọbìnrin kan ti béèrè ohun tí àmì onígun mẹ́ta tó wà nídìí ìgò túmọ̀ sí, nítorí ó ti rò pé ẹ̀rí ni pé ike náà yóò di àtúnlò. Mo ṣàlàyé pé nọ́ńbà 1 sí 7 inú rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 1988, oríṣi ike nìkan ni ó ń sọ, kò ṣèlérí ohunkóhun. Ó dùn ún, ó sì dùn mí pẹ̀lú.

Ní oṣù Kẹjọ, ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Geneva lórí àdéhùn àgbáyé nípa ike parí láìsí ìfohùnṣọ̀kan, àwọn ọ̀dọ́ sì bi mí bóyá asán ni làálàá wa. Mo sọ fún wọn pé àtúnlò nìkan kò tó, pé ike tí a kò rà rárá sàn ju èyí tí a tún lò lọ, ṣùgbọ́n pé èyí tó ti wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi lọ.

Ní oṣù yìí, méjì nínú wọn gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi láti fi kọ́ àwọn àbúrò wọn. Ìgò tí wọ́n fọ̀ mọ́ ti kún àpò mẹ́rin, ìdérí ti kún ọ̀kan, wọ́n sì ti kọ nọ́ńbà sára àpò kọ̀ọ̀kan.