Iná pupa kékeré lọ́nà Òmù-Àrán

Ẹ má bínú, ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ni mo ń yá àwọn tó ń ṣe ìnáwó, kì í ṣe I pass my neighbour o, èyí tó jókòó sórí irin tó ní táyà, tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ni. Toyota Tundra 2003 tókúnbọ̀ ni mo fi ń wọ́ ọ, V8, ọ́tò gíà. Jẹnẹrétọ̀ àti irin ìdí ẹ̀ á lé díẹ̀ ní tọ́ọ̀nù 2. Tundra ń fà á, kò tiẹ̀ ń mí, ìyẹn gan-an ló tàn mí jẹ, mo rò pé ọkọ̀ tó bá ti lágbára, gíà ẹ̀ náà ò ní wàhálà.

Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù kẹta, òkú àgbà kan wà ní Òmù-Àrán. Ó yẹ ká ti jáde láàárọ̀ kùtù, àmọ́ ẹni tó ń bá wa gbé wáyà pẹ́ dé, aago mọ́kànlá la tó kúrò ní Gáà-Akanbí, oòrùn Ìlọrin tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn ti ń jó ọ̀dà títì. A tún wá há sínú gosíló Ọ̀ffà Gáráàjì, ká sún díẹ̀ ká dúró, ká sún díẹ̀ ká dúró. A bọ́ sí Ìdọ̀fìàn, a kọjá Ajàṣẹ́-Ìpo, mo tiẹ̀ ra bọ̀ọ̀lì níbẹ̀. Ìgbà tá a kọjá Orò tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè ni ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, kí ló ń rùn bí ẹ̀pà tó jóná?" Mo wo gééjì omi, àárín ló wà, mo ní bọ̀ọ̀lì ni jàre. Kò pẹ́, iná pupa kan tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, A/T OIL TEMP, ìyẹn ni pé ọ́ìlì gíà ti gbóná jù, iná tí mi ò rí rí láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀.

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa ẹnjíìnì kíá, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ń fi páálí fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ iná ẹran suya. Mo wá pe mẹkáníìkì mi, Alfa la máa ń pè é. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ta ló ní kẹ́ ẹ pa á? Ẹ tan ọkọ̀ o, ẹ gbé e sí P (páàkì), ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó ya mí lẹ́nu, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì gíà lọ sínú rédíétọ̀ pé kó lọ tutù, ẹnjíìnì ló ń yí i. Tẹ́ ẹ bá ti pa ẹnjíìnì, ọ́ìlì dúró síbi tó ti gbóná gan-an, á wá máa sè níbẹ̀. Mo tan án, a jókòó sábẹ́ igi, nígbà tó yá iná yẹn kú fúnra ẹ̀.

Alfa ló là á yé mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ooru gíà ò ti ara ẹnjíìnì wá, ìdí nìyẹn tí gééjì omi ò fi sọ nǹkan kan. Láàárín ẹnjíìnì àti gíà, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní torque converter, ẹ jẹ́ ká ní fáànù méjì tó kọjú síra nínú ọ́ìlì, ọ̀kan ń ti ọ́ìlì, ọ́ìlì ń ti ìkejì. Tí ẹrù bá wúwo tí ọkọ̀ ò sì sáré, ti ẹnjíìnì á máa yí ju ti gíà lọ, ìyàtọ̀ yẹn ò lọ síbì kankan, inú ọ́ìlì ló ń wọ̀, ó di ooru. Tí eré bá ti dúró sójú kan, kílọ́ọ̀ṣì kan wà nínú ẹ̀ tó máa so méjèèjì pọ̀, ooru á sì wálẹ̀. Ẹ wá wo tèmi, gosíló, òkè, oòrùn ọ̀sán, mi ò sì pa overdrive, ìyẹn gíà 4 tó wà fún eré títì, gíà ń lọ sí 4, ó ń padà sí 3, ó tún ń lọ sí 4, gbogbo ìgbà tó bá ń pààrọ̀ báyẹn ni kílọ́ọ̀ṣì yẹn ń tú. Èmi ni mo sè é fúnra mi.

Ọ́ìlì tó tú jáde dúdú bíi kọfí, pupa ló yẹ kó jẹ́. Àwọn tó mọ̀ nípa ọ́ìlì máa ń ní tó bá ti kọjá nǹkan bí 80 sí 90 digirí tó yẹ kó wà, gbogbo 10 digirí tó bá lé sí i, ọjọ́ ayé ọ́ìlì yẹn á já sí ìdajì. Tẹ́ ẹ bá tú u lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló ń jáde o, torque converter ń mú púpọ̀ pa mọ́, torí náà ẹ̀ẹ̀mẹta la tú u ká tó rí pupa. Owó Type T-IV ojúlówó, ọ́ìlì gíà Toyota, ẹ má bi mí.

A tún fi kúlà ọ̀tọ̀, ohun tó ń mú ọ́ìlì gíà tutù, síwájú kọ̀ńdẹ́ńsà AC. Ọ́ìlì á kọ́kọ́ gba inú rédíétọ̀, á wá gba kúlà, kó tó padà sínú gíà. Hóòsì tó jẹ́ ti ọ́ìlì gíà gan-an ni kẹ́ ẹ rà. Hóòsì epo bẹntiróòlù ni ẹnì kan kọ́kọ́ tà fún mi, kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ń jò, ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ iṣẹ́ mi tó rí i nílẹ̀ níbi tá a páàkì sí. Rédíétọ̀ àtijọ́ náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá bẹ́ nínú, omi á wọnú ọ́ìlì, gíà á di bíi yógọ́ọ̀tì aláwọ̀ rósì, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní owó ti lọ.

Ní ti wíwà, mo máa ń pa overdrive (O/D OFF) látìgbà tá a bá ti so jẹnẹrétọ̀. Tí mo bá rí òkè lọ́ọ̀ọ́kán, mo ti fa gíà wálẹ̀ kí ó tó máa wá a kiri fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá dá wa dúró lórí òkè, bíréèkì ni mo fi ń di ọkọ̀ mú, mi ò fi tọ́tù (ásẹ́lérétọ̀) gbé e dúró mọ́ (gbogbo wa là ń ṣe é, ẹ má purọ́). Tá a bá dúró lọ́nà, mo máa ń fọwọ́ kan họ́ọ̀bù táyà irin jẹnẹrétọ̀ yẹn, nítorí bíréèkì tó bá ń di táyà mú máa ń sọ ẹrù tọ́ọ̀nù 2 di bíi 3. Tá a bá ti kírun àsùbáà tán, a ti wà lọ́nà.

Alfa fi gééjì ọ́ìlì gíà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá a lọ Òmù-Àrán, kò kọjá 96 digirí títí a fi gun òkè yẹn tán. Wàhálà tó kù báyìí ni ọmọ iṣẹ́ mi, ó ti sọ ara ẹ̀ di ọmọ ọkọ̀ fún gééjì, "Ọ̀gá, 91 o! 92 wọlé o! 93!", láti Ìdọ̀fìàn títí dé ẹnu ọ̀nà ilé olókùú.