Èmi àti Màámi lórí ọ̀rọ̀ ajá

Ọmọ ajá tí mo gbà sílé wa l'Ọ́fà ti pé oṣù 5, abo ni, mo wá sọ fún Màámi pé mo fẹ́ gbé e lọ sí Ìlọrin kí dókítà ẹranko yọ ilé ọmọ ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ, torí láti bí oṣù 6 lọ ló lè bẹ̀rẹ̀. Háà, láíláí! Wọ́n ní kí n jẹ́ kó bímọ ẹ̀ẹ̀kan ná, pé ta ló ń gba ilé ọmọ lọ́wọ́ ọmọdé. Mo ní Màámi, ajá mà ni o, wọ́n ní ṣé ajá kì í ṣe abiyamọ ni? (Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, mo kàn ń wo ilẹ̀.)

Mo ṣàlàyé pé tí wọ́n bá tètè ṣe é, jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà mú wọn, àti pé oyún ajá ò ju bí ọjọ́ 63 lọ, ta ló máa wá bọ́ àwọn ọmọ? Wọ́n ní a máa tà wọ́n. Wọ́n tún ní ara ẹ̀ ò tíì gbó, ìyẹn ò burú ṣá, torí ajá ńlá ni àwọn dókítà ẹranko sábà máa ń ní kéèyàn dúró fún kí egungun ẹ̀ gbó, àmọ́ tiwa yìí, ajá ìbílẹ̀ kékeré ni.

A ti wá fi í sí oṣù tó ń bọ̀. Màámi ní àwọn ò ní bá mi lọ o.