Owó géèmù tí n kò ná, àti bí mo ṣe gbà á padà ní kóòtù

Ẹnì kan jí wọ àkántì géèmù ọmọ mi, ó sì fi owó mi ra nǹkan níbẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá ṣe yín, tí ẹ sì fẹ́ pe ilé-iṣẹ́ géèmù lẹ́jọ́, ẹ má gbára lé orúkọ tó wà nínú àkọsílẹ̀ báńkì. Lẹ́tà bíi mélòó kan àti nọ́ńbà ló wà nínú tèmi. Ìsàlẹ̀ ìwé àdéhùn géèmù náà ni mo ti rí orúkọ tí wọ́n fi forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, òun ni mo kọ sí fọ́ọ̀mù. Ìwé yìí kan náà ló ní oníbàárà kò gbọdọ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́, àfi ní kóòtù ẹjọ́ kéékèèké, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò pọ̀. Ẹ ka tiyín dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń ṣí ọ̀nà yẹn sílẹ̀.

Òru ni owó náà ń jáde, díẹ̀díẹ̀, léraléra, nígbà tí gbogbo wa ti sùn. Ilé-iṣẹ́ ní páásíwọ́ọ̀dù tó tọ́ ni wọ́n fi wọlé, torí náà èmi ni mo rà á. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ẹni tó jí kọ́kọ́rọ́ ilé mi, ṣé ó ti di onílé nìyẹn?

Báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ̀ lọ, kí ẹ sì tètè lọ. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 60 ni òfin fún ẹni tó ń lo káàdì àyáwó láti kọ̀wé ta ko irú owó bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n bá ti fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Báńkì tèmi gba ilé-iṣẹ́ gbọ́. Ilé-iṣẹ́ sì ti àkántì ọmọ mi pa nítorí pé mo fẹjọ́ sùn! Èyí kì í ṣe tuntun: ó wà lára ẹ̀sùn tí FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, fi kan Epic Games, ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù Fortnite, ní 2022. Mílíọ̀nù 245 dọ́là ni wọ́n gbà láti san kí wọ́n lè dá owó àwọn oníbàárà padà.

Ní kóòtù, n kò gba lọ́yà. Adájọ́ ò fẹ́ ìtàn gígùn. Ó ní, "Fóònù wo ni wọ́n fi rà á?" Mo na íméèlì kan sí i, ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ló fi í ránṣẹ́, pé fóònù tuntun ti wọ àkántì náà. Irú fóònù yẹn ò sí nílé wa. Mo fi bírò pupa fàlà sábẹ́ aago tó wọlé àti aago tí wọ́n kọ́kọ́ ra nǹkan: ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Aṣojú ilé-iṣẹ́ wò ó títí, ó ní kò sí nínú fáìlì òun.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa irú íméèlì bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Adájọ́ ní kí wọ́n san gbogbo owó náà, pẹ̀lú owó tí mo fi pẹjọ́. Wọ́n ti san án. Àkántì ọmọ mi ni wọn ò tíì ṣí, mo sì ti kọ̀wé nípa ìyẹn náà.