Ká wo bí eléyìí náà ṣe máa pẹ́ tó

Bí ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ̀ ṣe wí nìyẹn. Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnì kan nínú yàrá wọn ni, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀, èmi sì wà lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpò ìkòkò lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú wàhálà ẹrù.” Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gòkè lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti há sí mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mo ń fọ abọ́, mo ń gbọ́ ọ. Mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì, mo ń gbọ́ ọ. Ta ló gbé ibí ṣáájú mi? Kí ló lé e lọ?

Ti òní kò pọ̀. Mo lọ síbi iṣẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró ní Ìyànà Ìpájà, mo ra búrẹ́dì, mo délé.

Kí n tó bọ́ bàtà ni jẹnẹrétọ̀ ìyá ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ fèrèsé yàrá mi gan-an ni wọ́n gbé e sí, ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọjú sí ọ̀dọ̀ mi. Bí mo bá ti fèrèsé, ooru. Bí mo bá ṣí i, èéfín. Ariwo lè mú kí orí fọ́ mi, mo lè fara dà á. Èéfín ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Gáàsì tó ń pani nínú èéfín ẹ̀rọ yìí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó ti sùn kò ní mọ̀ pé òun ń fà á símú. Ẹ̀ẹ̀melòó la ti gbọ́ pé wọ́n já ilẹ̀kùn láàárọ̀ tí wọ́n bá bàbá, ìyá àti ọmọ níbi tí wọ́n sùn sí? Mo máa ń rò ó tí ojú mi bá fẹ́ pa dé. Mo á dìde, mo á tún fèrèsé wò.

Ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé lẹ́yìn ilé, tó máa ń gbé sípíkà síta láàárọ̀ Sátidé, ìyẹn ṣì kéré. Ti ẹni tó ń ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ títí táǹkì fi ń gbẹ náà, a máa yanjú rẹ̀.

Màmá mi ò yé sọ ọ́ pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkèèrè wo ni ǹ bá ti wò ó? Ọ̀sán ni ejẹ́ǹtì mú mi wá. Gbogbo ilé dákẹ́, kò sí ẹnì kankan nílé. Ó fi táìlì hàn mí, ó ṣí omi kí n rí i pé ó ń yọ dáadáa. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹni tó wà níbẹ̀ fi kó jáde, ó ní ó rìnrìn àjò ni. Ó ti ń rìn lọ síbi géètì kó tó sọ ọ́ tán. Mo san owó ilé ọdún kan, mo san ti ejẹ́ǹtì, mo san ti àgírímẹ́ǹtì, mo san owó kọ́ṣọ̀n. Òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bàbá onílé sì tẹ̀ lé e, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti san owó ọdún kan, tó fi gbogbo ohun tó kó jọ san án, ibo ló tún fẹ́ lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ilé tí mo gbé tẹ́lẹ̀ ní Agége ṣe parí mọ ìdí tí mi ò fi lè kó ẹrù mọ́ lọ́dún yìí. Mi ò ní tún un sọ.

Nígbà tí mo ra iná, orúkọ ẹlòmíràn ló jáde sójú fóònù. Orúkọ obìnrin. Mo kàn ń wò ó. Àfi bíi kí n pè é, kí n bi í pé, ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà máa ń jí lóru?

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní kí n má fi ṣeré, kí n kọ̀wé sí LASEPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó àyíká. Wọ́n ní ariwo ní àdúgbò tí àwọn èèyàn ń gbé kò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 lọ lọ́sàn-án, 45 lóru. Ẹlòmíràn ní kí n lọ sí Citizens Mediation Centre, èyí tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999, pé wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ń ṣe, torí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, wọ́n sì ń bá èèyàn parí rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n gbé ìwé dé iwájú ẹni tí èmi àti òun kò tí ì jókòó sọ̀rọ̀ rí? Kí wọ́n wá sọ pé ṣebí àwọn ti wí, pé eléyìí náà ti bẹ̀rẹ̀?

Lálẹ́ yìí, bí mo ṣe ń kọjá, ilẹ̀kùn wọn ṣí gbayawu. Mo rí fíríísà méjì ńláńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ẹja òkú Èkó ni wọ́n ń tà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí wọn kò bá tan ẹ̀rọ, ọjà á yọ́, á bàjẹ́, owó wọn á wọlẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, ta ló tún ń jó epo fún afẹ́? Ìyá náà jókòó lórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ kan ra orúnkún. Wọ́n ní, “Ẹ kú àbọ̀.” Ohùn wọn ti rẹ̀. Àánú wọn ṣe mí, mo sì bínú pé àánú wọn ń ṣe mí.

Bóyá wọn kò fi ọ̀rọ̀ yẹn bú mi. Bóyá obìnrin tó lọ yẹn dà bí ọmọ sí wọn, tí ó sì kó ẹrù láì dágbére. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó bá ti wọlé ni í jáde, tí àwọn nìkan ń ṣẹ́ kù pẹ̀lú fíríísà wọn, kí ni wọn ò bá tún sọ?

Rárá. Wọ́n mọ̀ pé èéfín yẹn ń wọlé. Ẹni tó ń gbé lábẹ́ èèyàn, tó ń rí i tó ń ti fèrèsé nínú ooru, ó mọ̀. Ẹ̀rọ náà ò sì tóbi, ọmọ wọn ọkùnrin lè gbé e dé ẹ̀yìn ògiri níbi tí kò ti ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, tí òjò ò sì ní pa á.

Màá sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn lọ́la, kí wọ́n tó jáde lọ sọ́jà. Màá ra ẹja, torí mo nílò ẹja. Màá ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé jẹnẹrétọ̀ yìí kúrò lábẹ́ fèrèsé, èéfín rẹ̀ ń wọlé wá bá mi lórí ibùsùn.” Bí wọ́n bá bi mí pé báwo ni ilé ṣe rí lára mi, màá ní ó dára, omi ń yọ, mi ò sì ní in lọ́kàn láti lọ síbì kankan.

Bóyá mi ò ní lè sọ ti ìkẹyìn yẹn jáde. Mo ti sọ ọ́ níwájú dígí lálẹ́ yìí, omi lé sí mi lójú, mi ò sì mọ ohun tó fà á...