Ọrùn ọmọ idì ni kí o máa wò

Ìtẹ́ idì olórí funfun tó wà ní Big Bear, ní Kalifọ́níà, ga tó ẹsẹ̀ bàtà 145 lórí igi páìnì, kámẹ́rà sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sántòru, òun la fi ń wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Jackie ni abo, òun ló tóbi jù. Shadow ni akọ.

Bí ẹyin bá ti pé ọjọ́ 35, bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sọ́ ọ. Bí ihò kékeré bá yọ lára èèpo, ó lè gba ọjọ́ kan sí méjì kí ọmọ tó jáde. Má sáré sọ pé ó ti kú o.

Nígbà oúnjẹ, má wo ẹnu, ọrùn ni kí o wò. Àpò oúnjẹ tó wà níbẹ̀ máa ń wú rọ̀gọ̀dọ̀ bí ọmọ bá yó. Ẹ̀gbọ́n lè máa ṣá àbúrò lórí, ìyẹn wọ́pọ̀. Àbúrò tí àpò rẹ̀ pẹlẹbẹ látàárọ̀ dalẹ́ ló yẹ ká ṣàníyàn fún.

Òtútù pẹ̀lú omi ló burú jù, torí ìyẹ́ múlọ́múlọ́ ara wọn kì í lé omi. Lóṣù Kẹta ọdún 2025, ọmọ mẹ́ta ló jáde. Ọ̀kan kú lásìkò ìjì yìnyín, ó sì dun gbogbo àwa tá à ń wò ó wọra. Àwọn méjì tó kù, Sunny àti Gizmo, fò lóṣù Kẹfà. Bí wọ́n bá ti fò, má tíì pa kámẹ́rà tì: wọ́n ṣì máa ń padà wá jẹun.