Kẹ́mísìrì abẹ́ igi kòkó

Àwọn tá a jọ ń dáko lọ́nà Ìdí-Ayunrẹ́ kì í pè mí ní Dókítà. Tíṣà ni wọ́n ń pè mí, látìgbà tí mo ti ń gun ọ̀kadà wá sóko ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹfun bọ́ọ̀dù ṣì wà lápá aṣọ mi. Kẹ́mísìrì ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Oko ò dúró de ìfẹ̀yìntì ní tiẹ̀. Bàbá mi ló fi kòkó sílẹ̀ fún mi, mo wá fi ẹ̀gẹ́ kún un nígbà tí àwọn ọmọ ń pọ̀ sí i, tí owó oṣù ò kúrò lójú kan.

Àwọn èèyàn a máa bi mí pé báwo ni mo ṣe ń ráyè ṣe méjèèjì. Ká má parọ́, iṣẹ́ kan náà ni. Láàbù wa kì í ní kẹ́míkà tó, iná a sì máa lọ nígbà tá a bá nílò rẹ̀ jù. Oko ní kẹ́míkà tiẹ̀, kò sì bẹ NEPA.

Ẹ wo omi búlúù tá a fi ń fín kòkó. Bí òjò bá ti wọlé dáadáa, láti bí oṣù kẹfà lọ, àrùn kan a máa sọ èso kòkó di dúdú, á jẹrà mọ́ ara igi. Kọ́pà sọ́fétì, kẹ́míkà aláwọ̀ búlúù tí kọ́pà wà nínú rẹ̀, tá a pò mọ́ láìmù la fi ń bá a jà (mi ò ní ọsàn wẹ́wẹ́ lọ́kàn o, ìyẹ̀fun funfun yẹn ni). Bí láìmù bá kéré, omi náà á jó ewé. Àgbẹ̀ tí ò ní bébà tá a fi ń wọn kíkan, kí ló máa fi mọ̀? Àdá ni. Ẹ fi yanrìn ha ojú àdá títí á fi máa dán, kẹ́ ẹ kì í bọ omi náà fún ìgbà díẹ̀. Bó bá jáde tó pọ́n bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, kọ́pà ló lẹ̀ mọ́ irin yẹn. Láìmù ò tíì tó, ẹ fi kún un. Bí àdá bá ń dán bó ṣe wọlé, ẹ máa fín in lọ. Ìdí kan náà ni ò fi yẹ ká pò ó nínú garawa irin. Irin á gba kọ́pà tó yẹ kó lọ sára kòkó, garawa fúnra rẹ̀ á sì jẹ.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù pé irin a máa lé kọ́pà kúrò nínú omi. Àwọn ọmọ á há a sórí, wọ́n á bì í sínú ìwé ìdánwò, ó parí. Ọjọ́ tí mo kó wọn wá sóko, ọmọbìnrin kan fa àdá yọ, ó figbe ta: "Sà, ó ti pọ́n!" Gbogbo wọn ló fẹ́ ki tiwọn bọ̀ ọ́. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n lo omi mi tán.

Àwọn ẹgbẹ́ mi á rántí kòkòrò funfun tó dà bo orí ẹ̀gẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí ọ̀mùnú á ká jọ, tí igi ò ní dàgbà mọ́. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ náà ni kòkòrò ọ̀hún ti wá, àmọ́ ọ̀tá rẹ̀ ò bá a wá. Hans Herren, ará Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn níbí, ló ṣagbátẹrù wíwá ọ̀tá náà. Paraguay ni wọ́n ti rí i ní 1981: agbọ́n tíńtín kan tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò yẹn. Wọ́n tọ́ ọ, wọ́n tú u sílẹ̀, ó tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì ń dín kòkòrò náà kù. Ní 1995, wọ́n fún Herren ní World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé fún àwọn tó ṣiṣẹ́ ribiribi lórí oúnjẹ. Àgbẹ̀ ò san kọ́bọ̀, kò sì gbé táńkì oògùn kọ́ èjìká. Nínú gbogbo oore tí sáyẹ́ǹsì ṣe àgbẹ̀, èyí ló wù mí jù, bẹ́ẹ̀ oníkẹ́mísìrì tó yẹ kó máa polówó oògùn ni mí.

Ẹ̀gẹ́ yìí kan náà ní májèlé tí wọ́n ń pè ní sàyánáìdì nínú, èèpo rẹ̀ ló sì pọ̀ sí jù. Ewúrẹ́ tó bá jẹ èèpo tútù yó lè kú. Èyí tá a sá gbẹ sóòrùn kì í sábà ṣe é ní nǹkan. Bá a bá rin ẹ̀gẹ́, èròjà méjì tí kì í pàdé nínú rẹ̀ á pàdé, májèlé á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí afẹ́fẹ́. Omi tá a fún dànù á kó lára rẹ̀ lọ, iná abẹ́ agbada á lé èyí tó kù. A máa ń fi bébà tá a rẹ sínú píkíréètì, kẹ́míkà aláwọ̀ ìyeyè kan, dán an wò: a ó fi okùn rọ̀ ọ́ sínú ìgò tí ẹ̀gẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a ó dé e pa mọ́jú. Tó bá di àárọ̀, ti ẹ̀gẹ́ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rin á ti kúrò ní àwọ̀ ìyeyè, á pọ́n bíi bíríkì. Ti gàrí tó lo ọjọ́ mẹ́ta nínú àpò kó tó dé agbada, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ó yí padà.

Mo gbé àwọn ìgò náà lọ fún ìyá tó ń bá mi ṣe gàrí. Ó wò wọ́n, ó wò mí. Ó ní, "Tíṣà, ìyá ìyá mi ò mọ ìgò kankan, ọjọ́ mẹ́ta náà ló ń fi í sílẹ̀. Èmi náà ò gbàgbé. Àmọ́ àwọn oníbàárà tó ń ti Èkó wá fẹ́ gàrí tí ò kan, wọ́n sì fẹ́ kó tètè jáde. Ẹ ti ra jáàkì tá a fi ń fún un, òkúta tá a fi ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti dé ìdí ògiri. Ta ló máa sanwó ọjọ́ mẹ́ta fún mi?"

Mi ò ní èsì nínú ìwé. Mo sọ pé kó fi ti ilé mi sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta, mo sì ń fi nǹkan lé owó iṣẹ́ rẹ̀ lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Ó gbà. Èyí tó ń lọ sí Èkó, ọjọ́ kejì ló ṣì ń wọ agbada.